Wọ́n ní kí n fún ìwádìí ní dátà Instagram àti YouTube mi: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó fi ránṣẹ́?

Mojísọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn olùwádìí yunifásítì kan ń wá àwọn tó máa fún wọn ní dátà Instagram àti YouTube wọn, torí wọ́n fẹ́ mọ irú fídíò àti ìpolówó tí àwọn ìkànnì yìí ń gbé síwájú èèyàn. Wọn ò béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n dáńlóòdù fáìlì mi fúnra mi, kí n wá gbé e sórí ojú ìwé wọn. Fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí wọn sọ pé "a óò yọ orúkọ kúrò". Ó wù mí láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí ló wà nínú fáìlì náà gan-an? Báwo ni mo ṣe lè fún wọn ní ìwọ̀nba tí wọ́n nílò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Adébísí

Bí wọn ò ṣe béèrè páásíwọ́ọ̀dù yẹn dára. Ẹni tó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni, kì í ṣe olùwádìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí kò dáa ni pé wọ́n á béèrè gbogbo dátà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Instagram, ẹ wọ Accounts Center, ẹ tẹ "Your information and permissions", kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Download your information" sí. Bí ápù yín bá jẹ́ tuntun, ó lè jẹ́ "Export your information" lẹ máa rí. Ẹ yàn pé apá kan lẹ fẹ́, kí ẹ sì fi àmì sí kìkì ohun tí fọ́ọ̀mù ìwádìí náà dárúkọ. Ẹ má gbójú fo déètì: bí dátà oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ yan irú fáìlì, ẹ mú JSON (irú fáìlì tí ẹ̀rọ ìwádìí lè kà), àfi bí wọ́n bá sọ pé HTML (irú tí bíráúsà máa ń ṣí bí ojú ìwé) làwọn fẹ́.

Ti YouTube, Google Takeout ni, ìyẹn ojú ìwé tí Google fi ń jẹ́ kéèyàn dáńlóòdù dátà ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ "Deselect all", nítorí wọ́n ti fi àmì sí ohun gbogbo sílẹ̀ dè yín, títí kan ímeèlì àti fọ́tò. Ẹ wá fi àmì sí YouTube nìkan. Ẹ tẹ "All YouTube data included", kí ẹ fi àmì sí history nìkan (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ wò àti ohun tí ẹ wá), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo fídíò tí ẹ ti gbé sórí rẹ̀ rí á bá a wá. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "Multiple formats", ẹ yí history kúrò ní HTML sí JSON. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. HTML ni Takeout máa ń fúnni bí a ò bá fọwọ́ kàn án, ojú ìwé ìwádìí á wá ní òun ò rí nǹkan kan nínú fáìlì, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Líǹkì tí Google bá fi ránṣẹ́ máa ń kú lẹ́yìn bí ọjọ́ 7.

Kúnlé

Mo fẹ́ fi kún un: bí ẹ bá ń lo Safari lórí Mac, ó máa ń tú fáìlì zip (ọ̀pọ̀ fáìlì tí a dì pọ̀ di ẹyọ kan) fúnra rẹ̀ bó bá ti dáńlóòdù tán. Fódà lẹ máa bá níbẹ̀, zip sì ni ojú ìwé ìwádìí ń béèrè. Ẹ lọ sínú Settings Safari, ní General, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Open safe files after downloading" kí ẹ tó dáńlóòdù.

Bàbá Kẹ́hìndé

Àbúrò, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹ. Bó o bá tú fáìlì Instagram tó pé, wàá rí fódà kan tó ń jẹ́ messages, inbox wà nínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó o ti bá sọ̀rọ̀ rí ló sì ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú message_1.json. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ wà níbẹ̀ bí tìẹ ṣe wà níbẹ̀. Bó o bá ti gba ápù náà láyè rí láti wo nọ́ńbà inú fóònù rẹ, synced_contacts.json á kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tí wọn ò gbọ́ nípa ìwádìí yìí rí. Àkọsílẹ̀ ìgbà tó o wọlé sì ní àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) pẹ̀lú irú fóònù tó o fi wọlé.

Lójú tèmi, fódà messages ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ, àfi bí gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bá gbà. Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica tú síta, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi dátà àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ òṣèlú. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan bí 270,000 èèyàn ló ti fúnra wọn gba ápù ìdánwò kan tó ń kó dátà náà sórí Facebook wọn. Facebook fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí dátà tó bá a lọ jẹ́ ti èèyàn mílíọ̀nù 87, nítorí pé ápù náà ń kó ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ló bá wọn fọwọ́ sí i.

Nǹkan mìíràn rèé tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Nínú JSON Facebook àti Instagram, lẹ́tà tó bá ní àmì kì í jáde bó ṣe wà. "ọ" á di \u00e1\u00bb\u008d, "ẹ" á di \u00e1\u00ba\u00b9. Ká ní ò ń wá "Adebọwale" láti mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Adeb\u00e1\u00bb\u008dwale. Apá tí kò lámì ni kó o wá: "wale".

Mojísọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, sà. Tí mo bá ṣí fáìlì náà, tí mo fọwọ́ ara mi pa orúkọ àwọn èèyàn rẹ́ ńkọ́?

Bàbá Kẹ́hìndé

Má dán an wò. Bí kọ́mà kan bá ṣẹ́ kù níbi tí kò yẹ, tàbí tí àmì àkámọ́ kan bá sọnù, gbogbo fáìlì náà ò ní ṣeé kà mọ́. Fódà odindi ni kó o yọ. Bó o bá fẹ́ padà sọ ọ́ di zip, wọ inú fódà ńlá, yan àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, kó o wá ṣe zip. Bó o bá ṣe é láti ìta, fódà á wà nínú fódà, ojú ìwé wọn ò sì ní rí ọ̀nà dé ibi tó ń wá.

Èyí tó sàn jù ni kó o bi wọ́n bóyá irinṣẹ́ wọn ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà tìẹ. Irú bẹ́ẹ̀ ni Port tí Yunifásítì Utrecht ní Netherlands lọ́wọ́ sí. Orí kọ̀ǹpútà rẹ ló ti máa ń tú zip, á mú ìwọ̀nba tí ìwádìí nílò, á fi hàn ẹ́ nínú tábìlì, wàá pa ìlà tí o ò fẹ́ rẹ́, ìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n tó rí nǹkan kan gbà.

Fúnmiláyọ̀

Mojísọ́lá, "a óò yọ orúkọ kúrò" yẹn ò tó o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, gbé ohun tí àwọn èèyàn bí 650,000 wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta síta. Wọ́n ti yọ orúkọ, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn oníròyìn ti dá obìnrin kan mọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń wá nìkan tó láti fi mọ̀ ọ́n: àdúgbò àti orúkọ ìdílé.

Ẹ bi wọ́n pé lẹ́yìn tí orúkọ bá kúrò, kí ló kù? Ṣé wákàtí gan-an tí ẹ wo fídíò máa wà níbẹ̀, tàbí ọjọ́ nìkan? Ọdún mélòó ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, àwọn wo ni wọ́n tún máa fún? Ìgbìmọ̀ wo ní yunifásítì náà ló fọwọ́ sí ìwádìí yìí? Ẹ gba àdírẹ́sì ìgbìmọ̀ yẹn, kì í ṣe ti olùwádìí nìkan, torí ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa gbé ẹjọ́ lọ.

Èyí tí mo ka sí jù ni déètì ìkẹyìn tí ẹ lè fi ní ẹ ò ṣe mọ́. Kóòdù kan ló máa ń so orúkọ yín pọ̀ mọ́ dátà yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti pa kóòdù yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tó lè wá tiyín jáde nínú àkójọ náà mọ́, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ wọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ déètì náà sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ̀bùn bá sì wà, ẹ béèrè bóyá ẹni tó pa ìlà kan rẹ́ ṣì máa gbà á.

Mojísọ́lá

Wọ́n ti fèsì. Nínú bíráúsà ló ń ṣiṣẹ́, tábìlì sì máa jáde. Kí ni kí n wò nínú rẹ̀?

Adébísí

Ohun tí ẹ tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo fídíò. Ibẹ̀ ni orúkọ èèyàn máa ń wà jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo fídíò nípa àìsàn, ẹ̀sìn àti òṣèlú. Èyí tí ẹ ò lè kà sétí àjèjì, ẹ pa á rẹ́, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán, ẹ pa zip náà rẹ́ nínú Downloads, ẹ tún pa á rẹ́ nínú àpò ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ Drive lẹ ní kí Takeout gbé e sí, ẹ̀dà kan ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ yọ ọ́. Kí ẹ sì wo fóònù yín: bí orí rẹ̀ lẹ ti dáńlóòdù, ó lè ti gbé ẹ̀dà mìíràn pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún yín.