Ijó àṣemọ́jú ní Japan: ṣé àlejò lè bọ́ sí i?

Aláró Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú alẹ́ o. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Nagoya fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Gujo Hachiman ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìlú kékeré láàárín òkè. Wọ́n gbé ilé onígi kan sójú títì, àwọn onílù àti olórin wà nínú rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń jó yí i ká. Ó ní wọn ò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́ lọ kí i lóṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, ó ní a jọ máa jó o ni. Àmọ́ ó tún ní nítorí àwọn òkú ni! Ṣé n ò ní lọ fẹsẹ̀ kọ orò onílé? Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ búlúù ara wọn yẹn, aró ni àbí kẹ́míkà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Màmá, ọkàn yín balẹ̀. Mo jó o lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti àárín oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án ni, ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́rin péré ni àṣemọ́jú, 13 sí 16 oṣù kẹjọ. Ìgbà Obon nìyẹn, tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá ń wálé. Kò sí awo nínú ijó náà, ẹni tó bá dé ni í jó. Ijó mẹ́wàá ni. Ọwọ́ ẹni iwájú yín ni kí ẹ máa wò. Bàtà onígi wọn, geta, ló dùn jù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ á jọ dún kò! lórí ọ̀dà. Ẹ mú pílásítà dání o. Okùn rẹ̀ bó mi láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tiro.

Bàbá Onílù: Ìyá Aláró, kí lẹ ń bẹ̀rù? Ṣebí àwa náà ń tan àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún, tí Àtàọ́ja ń jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ́jú? UNESCO, àjọ tó ń rí sí ogún àṣà àgbáyé, kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2005, ijó tiwọn di 2022. A ṣáájú wọn. Àmọ́ nílé níbí, fóònù ló ń jó báyìí, èèyàn kàn ń gbé e dání ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Òótọ́ ni, Bàbá. Ti aṣọ: ẹ̀rọ ló tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláró gidi wà nílùú náà. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n ń tẹ́ sára aṣọ. Aṣọ tí wọ́n rán bí ẹja, tí wọ́n ń ta sókè bí àsíá, inú odò ni wọ́n ti ń ṣan ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò, nígbà òtútù.

Aláró Òkè-Baálẹ̀: Ìrẹsì kẹ̀! Láfún lèmi ń rò o. Nínú òtútù Japan? Omi kànga lásán lásìkò ọyẹ́, ọwọ́ mi á ti kú. Ijó ti di ìkejì báyìí, àwọn aláró yẹn ni mo fẹ́ rí. N óò gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ dání, Ìbàdàndún mẹ́rin. Kílò mélòó ni wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ òfuurufú?