Bí ìjọba bá gbé owó ilé-ìwé ọmọ lé òbí lọ́wọ́: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì Òkè-Bálẹ̀: Ẹ káàárọ̀ o. Àbúrò mi tó wà ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà ní ìjọba ló ń san owó àwọn ọmọ òun ní ilé-ìwé aládàáni. Voucher ni wọ́n ń pè é, láti 1990 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yọ ọmọ kúrò ní ti ìjọba níbí, kí lojú yín rí?

Aránṣọ Ìgbọ̀nà: Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n wọ́n lé ọmọ mi wálé torí owó PTA. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó gbé àga wá. Mo ní kí káfíńtà kan án, mo fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ọmọ sí i. Kí táàmù tó parí, ọmọ ẹlòmíì ló ń jókòó lórí ẹ̀, tèmi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́.

Ayọ̀ Òkè-Fìà: Ti ọmọ tèmi, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ha orúkọ ẹ̀ kúrò lára àga.

Bàbá Rísì: Ilé-ìwé wo nìyẹn? Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Òṣogbo.

Aránṣọ Ìgbọ̀nà: Bàbá, mi ò ní dárúkọ. Tíṣà ibẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èrò ọmọ tó wà níwájú obìnrin yẹn ti pọ̀ jù.

Tíṣà Àgbà: Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló mú èmi ọmọ àgbẹ̀ jáde lóko. Ọdún 1955 yẹn náà ni Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé kí ìjọba kó owó fún òbí, kí wọ́n fúnra wọn yan ilé-ìwé. Ẹ wò ó, bí ogún ọmọ bá kúrò, òrùlé tó ń jò ṣì ń jò, owó tí wọn ì bá fi tún un ṣe sì ti bá wọn lọ. Àwọn tó kù ńkọ́? Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ ya 2% owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìpínlẹ̀ mú tiwọn wá kí wọ́n tó gbà á. Ìyẹn ló yẹ ká máa bi wọ́n.

Aránṣọ Ìgbọ̀nà: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé kí ọmọ mi máa jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn ni?

Mọ́remí: Èmi ń kọ́ni ní aládàáni. Owó oṣù mi ò tó owó táàmù ọmọ kan. Tí owó ìjọba bá wọlé, àpò onílé-ìwé ló máa wọ̀.

Ayọ̀ Òkè-Fìà: Òótọ́ ni.

Àyìnlá: Ẹ má ba ti ìjọba jẹ́ tán o. Ọpọ́n Ìmọ̀, tablet tí ìjọba Ọ̀ṣun fún wa, ni mo fi kàwé WAEC.

Bàbá Rísì: Ti ọmọ mi kú kó tó pé ọdún.

Àyìnlá: Ẹ ò fi sórí iná déédéé ni, sà.

Bàbá Rísì: Iná wo? Ṣé NEPA tiwa yìí?

Ìyá Ìbejì Òkè-Bálẹ̀: Àbúrò mi ní kì í ṣe gbogbo òbí ló ń rí i gbà o. Wọ́n á kọ́kọ́ wo iye tó ń wọlé fún ẹ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Èmi tí mò ń tajà ní Ọjà Ọba, ìwé wo ni kí n gbé síwájú wọn?