Ohùn búlọ́ọ̀gì bísínẹ́ẹ̀sì wa ò dúró sójú kan, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Alákọọ́lẹ̀ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìṣirò owó là ń ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, àwa méjì la jọ ń kọ búlọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ wa. Bí èmi bá kọ ọ́, ńṣe ló máa ń dún bí ẹni pé mo jókòó ti èèyàn tá a jọ ń sọ̀rọ̀, bí ẹnìkejì mi bá kọ tiẹ̀, á le koko bí ìwé lọ́yà, débi pé kọ́sítọ́mà kan bi wá pé ṣé ẹlòmíì la ń san owó fún kó máa bá wa kọ ọ́ ni. A jókòó, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn wa gbọ́dọ̀ "yá mọ́ni, kó fi hàn pé a mọṣẹ́, kó sì ṣeé fọkàn tán", síbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Èyí tó tún wá burú ni pé a ò létò, a lè kọ gan-an lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ má gbọ́ ohùn wa mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Gbólóhùn_Kúkúrú:

Ilé iṣẹ́ wo ni ò ní sọ pé òun yá mọ́ni, òun sì mọṣẹ́? Ìdí nìyẹn tí ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ yẹn ò fi ràn yín lọ́wọ́. Ìpinnu téèyàn lè fìka tọ́ka sí lójú ìwé lẹ nílò. Ṣé "ẹ" lẹ máa pe òǹkàwé ni àbí "o"? Ṣé "àwa" lẹ máa pe ara yín àbí orúkọ ilé iṣẹ́? Báwo ni gbólóhùn yín ṣe máa gùn tó? Àwọn tó ń bójú tó GOV.UK, ìyẹn sáìtì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé gbólóhùn tó bá ti lé ní ọ̀rọ̀ 25, kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé gé sí méjì. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn, torí kò sẹ́ni tó máa jiyàn lé e lórí, ẹ ṣáà kà á.

Lẹ́yìn náà ẹ wá gbólóhùn tó burú nínú èyí tẹ́ ẹ ti kọ, kẹ́ ẹ tún un kọ, kẹ́ ẹ to méjèèjì síra wọn. Bí àpẹẹrẹ:

Tẹ́lẹ̀: "Ilé iṣẹ́ wa ń pèsè ìrànlọ́wọ́ tó péye lórí ọ̀ràn ìdádúró owó sísan láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà."

Ní báyìí: "Tẹ́ni tó rajà lọ́wọ́ yín ò bá tíì sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sórí invoice ẹ̀."

Tẹ́ ẹ bá ti ní bíi mẹ́wàá irú ẹ̀, ẹnìkejì yín á rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ń ṣàlàyé fún un. Ẹ má sì rò pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dún bákan náà o. Mailchimp, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn kọ́sítọ́mà, ní ìwé ìlànà ìkọ̀wé kan tí wọ́n gbé síta fún gbogbo ayé, ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé ohùn kan náà léèyàn ní nígbà gbogbo, bó ṣe ń gbé e jáde ló ń yí padà. Ẹni tí gbèsè ti dé lọ́rùn, a ò lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tínú ẹ̀ ń dùn.

Ìyá_Ètò:

Mo gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú. Ní ti ètò, ẹ yéé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ máa ronú ohun tẹ́ ẹ máa kọ. Inú ímeèlì àwọn kọ́sítọ́mà ló wà. Ẹ ṣí fáìlì kan, kí ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni bá bi yín máa wọ ibẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un ṣe. Ẹ tún wọ Google Search Console, ìyẹn irinṣẹ́ Google fáwọn tó ní sáìtì, ó máa fi ohun táwọn èèyàn tẹ̀ sínú Google kí wọ́n tó já sí sáìtì yín hàn yín. Ìbéèrè kan, post kan.

Tó bá wá kan kíkọ, ẹ gbé fóònù, kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn lẹ́nu bí ìgbà tẹ́ni tó bi yín wà lórí ìlà, kẹ́ ẹ tó tẹ ohun tẹ́ ẹ sọ. Fún ẹnìkejì yín tó ń kọ ọ́ bíi lọ́yà yẹn, èyí gan-an ló máa tú u sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń sọ "ọ̀ràn ìdádúró owó sísan" lórí fóònù. Ẹ má ṣàtúnṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kà á sókè ketekete, ibi tí èémí yín bá ti ń tán ni gbólóhùn yẹn ti gùn jù. Iye tẹ́ ẹ lè kọ lóṣù tọ́wọ́ yín dí jù lọ ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe iye tó wù yín.

Àgbà_Òǹkọ̀wé:

Èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pa ohùn ẹnì kan nínú yín rẹ́ o. Ẹ jọ lo òfin kan náà lórí bẹ́ ẹ ṣe ń pe nǹkan àti bẹ́ ẹ ṣe ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀, kí oníkálukú sì máa sọ ohun tójú òun rí nídìí iṣẹ́. Ní December 2022, Google fi ìrírí kún ohun táwọn tó ń bá wọn yẹ èsì ìwárí wò máa ń wò lára ohun téèyàn kọ. Àṣìṣe tẹ́ ẹ ti bá nínú ìwé owó àwọn èèyàn, tẹ́ ẹ sì bá wọn tún ṣe, kò sẹ́lòmíì tó lè kọ ọ́ bíi tiyín. Ẹ sì máa padà sórí àwọn ti àtijọ́ o, òfin owó orí máa ń yí, post tó ń sọ òfin tí wọ́n ti pa tì máa kó bá ẹni tó bá gbà yín gbọ́.

Alákọọ́lẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an ni, màá bẹ̀rẹ̀ lórí fáìlì ìbéèrè yẹn lónìí. Ìbéèrè kan ló kù: nínú àwa méjì, ta ló yẹ kó máa ka post kẹ́yìn ká tó gbé e síta?

Ìyá_Ètò:

Èyí tó máa ń gbé fóònù tí kọ́sítọ́mà bá pè, tó bá tiẹ̀ jẹ́ òun kọ́ ló mọ̀wé kọ jù.