Link mi ń ṣí sínú frame tí kò yẹ

Ọmọ Tanke: Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáìtì ilé kéú kan n'Ìlọrin níbí ni mò ń tún ṣe, frameset ni wọ́n fi kọ ọ́ (ìyẹn àmì tó ń pín ojú ìwé sí apá-apá, frame ni wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan), ménù wà lápá òsì àmọ́ tí mo bá tẹ link, inú ménù yẹn náà ló ń ṣí sí, báwo ni mo ṣe máa gbé e sápá ọ̀tún? Mi ò sì fẹ́ káwọn èèyàn máa fa ààlà àárín wọn kiri.

Ará Ọ̀fà: Fún frame ọ̀tún lórúkọ, name="oju", kó o wá fi target="oju" sínú link kọ̀ọ̀kan. Ti ààlà, noresize ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán sínú àmì frame náà. Jọ̀ọ́ má fi scrolling="no" sí i, kò ní jẹ́ kí wọ́n lè fa ojú ìwé sókè sódò, ẹni tí fóònù ẹ̀ kéré ò ní rí ìsàlẹ̀.

Bọ̀dá Ọmù-Àrán: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbúrò, HTML5, ẹ̀dà karùn-ún èdè tí wọ́n fi ń kọ sáìtì, ti yọ frame kúrò, bó tiẹ̀ ṣì ń ṣí. Lo CSS, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, fún ménù yẹn. Tó bá di dandan, iframe ni, ìyẹn frame tí wọ́n ń fi sínú ojú ìwé lásán, kó o sì fi title, ìyẹn àkọlé ohun tó wà nínú ẹ̀, sí i torí àwọn tí ò ríran tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń kà á sí wọn létí, ìyẹn ká mi lára gan-an.

Ọmọ Tanke: Target yẹn ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé iframe náà ń gba name?

Ará Ọ̀fà: Ó ń gbà á, bákan náà ni.