Bàtà síkì àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹrù: ṣé ó ṣì ṣeé wọ̀?

OmoSurulere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa síkì, pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. A fẹ́ lọ sí Bansko ní Bulgaria lóṣù kejì, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti wọ síkì gbẹ̀yìn. Ohun èlò ìgbà yẹn ṣì wà ní yàrá ẹrù ní Sùúrùlérè: síkì gígùn 198 sẹ́ńtímítà pẹ̀lú báíńdìn rẹ̀ (ohun tó ń di bàtà mú mọ́ síkì, tó sì ń tú bí èèyàn bá ṣubú), àti bàtà ike. Mo ga tó mítà 1.75, mo wọn kílò 84, ọmọ ọdún 52 ni mí. Kí ni kí n rà, kí ni kí n háyà, kí ni mo lè gbé láti ilé?

Alaga_Yaba
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Bàtà ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ṣe yín léṣe jù. Ẹ má wọ ìyẹn lọ rárá. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe ìkarahun ọ̀pọ̀ bàtà síkì. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ike yìí láti inú, ooru sì ń mú un yára. Ẹ wá wo yàrá ẹrù Èkó, tí páànù ń sè é lókè, tí òjò oṣù kẹfà ń rin ògiri rẹ̀. Pé ẹ ò wọ bàtà náà kò dáàbò bò ó. Ó lè máa dán bí tuntun, kó wá fọ́ bí èèpo ẹyin lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ orúnkún síwájú nínú òtútù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí irin ti so òkè bàtà mọ́ ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun, tàbí tí etí rẹ̀ ń rún bí ṣọ́ọ̀kì, ó ti parí. Bẹ́ ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ má tìtorí ìyẹn gbẹ́kẹ̀ lé e.

Fún bàtà tuntun, ẹ má lo nọ́ńbà bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Sẹ́ńtímítà ni wọ́n fi ń wọn ti síkì. Ẹ dúró, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kẹ́ ẹ wọn ẹsẹ̀ dé orí ọmọ ìka tó gùn jù. Bó bá jẹ́ 27, bàtà 27 tàbí 27.5 ni, ìkarahun kan náà ni méjèèjì sábà máa ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fa inú rẹ̀ tó rọ̀ yọ, kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ bọ ìkarahun lásán kí ọmọ ìka kan iwájú. Àyè tó yẹ kó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ jẹ́ sẹ́ńtímítà kan àbọ̀ sí méjì. Bí ìka ọwọ́ mẹ́ta bá wọ ibẹ̀, ó ti tóbi jù. Ní ti fífẹ̀, 98 mílímítà wà fún ẹsẹ̀ tín-ín-rín, 100 fún àárín, 102 sókè fún ẹsẹ̀ tó fẹ̀. Líle rẹ̀ (flex ni wọ́n ń pè é), 90 sí 100 tó yín. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tín-ín-rín. Ẹni tó bá wọ méjì torí òtútù, òtútù náà ló ń pè, torí ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà gbà.

EtiOsa_77
Síkì 198 yẹn, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Síkì ìsinsìnyí fẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó sì wọnú láàárín. Tiyín yẹ kó wà láàárín 165 sí 170, kí àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 78 sí 85. Ẹ óò rí R lára rẹ̀: R 15 ni pé bí síkì bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò yí bí ẹni ń fa òbìrìkítí, mítà 15 láti àárín dé etí. Síkì tọ́ọ́rọ́ àtijọ́ sábà ń lé ní 40, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fò sókè kẹ́ ẹ tó lè yí i. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ má sì lẹ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bíi tàtijọ́, torí iwájú tó fẹ̀ yẹn yóò máa gun ara wọn. Ẹ ya ẹsẹ̀ tó ìbàdí, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ní sùúrù.

Ẹ háyà síkì. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ò tó ohun tí èèyàn ń rà á sí, afẹ́fẹ́ iyọ̀ Èkó yóò sì mú etí irin rẹ̀ dípẹtà kí ọdún tó yípo. Ẹ ṣọ́ra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o: irú èyí tí Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022, ti orí ilẹ̀ gbalasa ni, gìgísẹ̀ kì í dè mọ́ ọn. Kì í ṣe tiyín.

OmoSurulere
Ẹ ṣé gan-an. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ bàtà náà, àtàǹpàkò mi sì wọlé. Báíńdìn ńkọ́? Kò dípẹtà rárá, ṣé ẹ ò rò pé wọ́n lè tò ó sórí síkì mìíràn?

Alaga_Yaba
Rárá o. Gíríìsì inú rẹ̀ ti lè gan, sípíríǹgì náà ti gbó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò sì ní fọwọ́ kan èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò dúró fún mọ́. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ bàtà tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀ GripWalk, tó tẹ̀ díẹ̀ kó lè rọrùn láti fi rìn. Kò bá báíńdìn àtijọ́ mu, kò sì ní jẹ́ kó tú bó ṣe yẹ. Ẹ wá àmì GripWalk lára báíńdìn tẹ́ ẹ bá háyà.

Àwọn tó ń háyà síkì óò bi yín ní kílò, gíga, ọjọ́ orí àti bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Àwọn ni wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe máa de báíńdìn le tó, pẹ̀lú gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹ má dín kílò kù nítorí ìtìjú, síkì yóò máa bọ́ lẹ́sẹ̀ láìnídìí. Ẹ má sì pe ara yín ní ọ̀gá: wọn óò dè é le, orúnkún ni yóò san án. Ẹni tó ti pé 50, wọ́n ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìpele kan; ẹ rí i pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Mama_Okirika
Ẹ jẹ́ kí n fi ti aṣọ kún un. Jákẹ́ẹ̀tì síkì wà nínú òkìríkà ní Yábàá, àmọ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó náwó. Bí ìlà rọ́bà tí wọ́n fi bo ojú rírán bá ń ṣí, tàbí tí inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àrùn tó pa bàtà yín náà ló ń ṣe é. Omi yóò wọlé. Ẹ má fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́ rẹ̀, òógùn kì í gbẹ lára òwú. Irun àgùntàn tàbí pọlíẹ́sítà ni. Akoto, tuntun ni kẹ́ ẹ rà tàbí kẹ́ ẹ háyà, kó ní EN 1077 nínú, ìyẹn àmì ìlànà ààbò fún akoto síkì. Awò ojú, S1 (tó mọ́lẹ̀) fún ọjọ́ ìkùukùu, S3 (tó dúdú) fún oòrùn.

EtiOsa_77
Bẹ́ ẹ bá ti ra bàtà, bó bá wọ inú àpò tẹ́ ẹ ń gbé wọ ọkọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Gbogbo ìyókù ṣeé háyà bí ẹrù bá sọnù. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ yín mu ni kò rọrùn láti rí lọ́jọ́ kan.