Sturgeon àti paddlefish: ṣé ẹja ekurá ni wọ́n bá tan ni àbí ẹja eléegun?

ẹja_lódò: Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹja, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo rí àwòrán egungun sturgeon àti paddlefish, egungun rírọ̀ ló pọ̀ jù lára àwọn méjèèjì, ìrù wọn náà, apá òkè ló gùn ju tìsàlẹ̀ lọ bíi ti ekurá gẹ́lẹ́. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kà wọ́n mọ́ ẹja eléegun? Àti pé sturgeon ní ìlà egungun líle márùn-ún lára, èkejì ń dán bọ̀rọ́, mọ̀lẹ́bí báwo?

Ògbó_Bàọ́: Ẹ má jẹ́ kí egungun rírọ̀ yẹn tàn yín o, ó ti tan Walbaum, onímọ̀ ẹranko kan, rí, òun ló fún paddlefish Amẹ́ríkà lórúkọ ní 1792, Squalus ló pè é, ìyẹn ni pé ó kà á mọ́ ekurá. Egungun líle ni baba ńlá wọn ní, àwọn ló sọ ọ́ nù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ wo orí sturgeon dáadáa, inú lọ́hùn-ún rọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n egungun pẹlẹbẹ gidi ló bo òkè ẹ̀, ekurá ò ní irú ẹ̀ rárá. Egungun ẹ̀yìn tó máa ń wà ní kókó kókó ò sí, notochord (ọ̀pá rírọ̀ tó gba àárín ẹ̀yìn) tí ẹja yòókù ń lò nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ẹyin, àwọn ń lò ó títí ọjọ́ ikú. Èyí tó dá mi lójú jù ni párì òkè: kò lẹ̀ mọ́ agbárí, apá ọ̀tún àti tòsì ẹ̀ sì wá pàdé níwájú. Àwọn méjèèjì ló ní in, ẹja eléegun yòókù ò ní in.

adé_kẹ́mí: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kí n fi ti paddlefish kún un. Imú gbọọrọ yẹn, egungun kéékèèké onírìísí ìràwọ̀ ló kún inú ẹ̀, sturgeon ò ní. Paddlefish Amẹ́ríkà, ti odò Mississippi, ò lè na párì síta, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ tó bá ń wẹ̀ tó sì ń sẹ́ oúnjẹ wínníwínní látinú omi bí ẹni ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, nígbà tí sturgeon ń na ẹnu fa tiẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n paddlefish Ṣáínà, Psephurus ti odò Yangtze, òun ń na párì, ẹja ló ń jẹ! Torí náà sísẹ́ oúnjẹ yẹn, ẹ̀yìn ló dé. Ó dùn mí pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ohun abẹ̀mí, ti kéde ní 2022 pé ó ti run.

ẹja_lódò: Háà, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ àdàlù sturgeon àti paddlefish tí wọ́n ní wọ́n ṣe ní Hungary ńkọ́, àbí irọ́ ni?

Ògbó_Bàọ́: Kì í ṣe irọ́, 2020 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, àtọ̀ paddlefish Amẹ́ríkà bá ẹyin sturgeon Rọ́ṣíà pàdé, ọmọ jáde láìjẹ́ pé wọ́n gbèrò ẹ̀. Ó yani lẹ́nu torí ìdílé méjèèjì ti pínyà látayé dáínósọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú sturgeon nìkan lẹ fẹ́ to ìdílé, egungun nìkan ò ní tó o: wọ́n ti kó beluga àti kaluga, irú sturgeon méjì, pọ̀ sí ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Huso torí ẹnu ńlá, DNA wá ní kì í ṣe ara wọn ni wọ́n sún mọ́ jù, àárín àwọn Acipenser, ẹ̀yà tó kó ọ̀pọ̀ sturgeon yòókù, làwọn méjèèjì bọ́ sí.