Ṣé kí ìyá mi jáwọ́ nínú iyán nítorí jẹjẹrẹ? Kí sì nìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gòkè kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Mo kí gbogbo ilé. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti fẹ́ fi ìtànṣán tọ́jú wọn. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wọn wò, inú rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì ní a kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ wọn yóò fi gòkè. Ó ní fáírọ́ọ̀sì HPV ló dá àìsàn náà sílẹ̀, pé òun náà ló yí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹun padà. Àtìgbà tí àbúrò bàbá mi ti gbọ́ pé ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ ni wọ́n ti ní kí ìyá mi má fọwọ́ kan iyán mọ́. Ìyá mi dá wọn lóhùn pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀kọ díẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ti sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀ ló ń gbà lò. HPV 16 àti 18, tó ń fa nǹkan bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ní pùrótéènì méjì, E6 àti E7. E6 a máa ba p53 jẹ́, ìyẹn pùrótéènì tó yẹ kó dá sẹ́ẹ̀lì dúró bí DNA rẹ̀, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, bá bàjẹ́. E7 ní tirẹ̀ ń já ìjánu tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín bó ti wù ú. Àwọn méjèèjì tún ń ti sẹ́ẹ̀lì láti máa gbé ṣúgà mì láìsun ún tán, ìwà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Otto Warburg ará Jámánì ti kíyè sí lára jẹjẹrẹ láti àwọn ọdún 1920. Ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì bá fi ọ́síjìn sun tán lè mú ẹyọ agbára bíi 30 wá; ọ̀nà ìkánjú yìí kò mú ju 2 lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀kánjúwà jẹjẹrẹ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé nìyí. Ìtànṣán a máa gé DNA sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ló ń jẹ́ kí ọgbẹ́ náà má ṣeé tún ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn lè gba ìtànṣán tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó kú. Àárín kókó jẹjẹrẹ, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa, ni irú wọn ń gbé, E6 sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fara da àìsí ọ́síjìn náà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn lọ síbẹ̀. Dókítà yẹn kò fi àkókò yín ṣòfò rárá.

Ní ti iyán, bí Màmá kò bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu pàápàá, ṣúgà ló ń dà. Bí ebi bá ń pa wọ́n, ẹ̀dọ̀ yóò máa fi ẹran ara wọn ṣe ṣúgà, jẹjẹrẹ yóò sì tún rí jẹ. Aláìsàn tó ń rù ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ iyán.

Bàbá Ìdó:
Ọmọ mi, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí ìyàwó mi ń gba ìtọ́jú. Mo jókòó tì í títí àpò ẹ̀jẹ̀ kejì fi kán tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ pé ìtànṣán tún ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn tí HPV fa jẹjẹrẹ ọ̀fun fún. Ṣé òtítọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Adó:
Òtítọ́ ni, Bàbá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, 82 nínú 100 àwọn tó ní HPV ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 3, àwọn tí kò ní in jẹ́ 57. Lára àwọn tí tábà fa tiwọn, ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe p53 fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. E6 kàn ń ba p53 tí sẹ́ẹ̀lì ti ṣe jẹ́ ni, ìlànà náà ṣì wà, sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò sì mọ DNA tó gé tún ṣe dáadáa. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dín ìtọ́jú rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye tí ẹ̀jẹ̀ Màmá jẹ́ bí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò.